Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Atlanta, wákàtí mélòó gan-an ni? Àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi wá

Ṣọ́ọ̀bù wa kò jìnnà sí Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ohun tó wà lára pátákó wa ni fọ́tòkọ́pì, fọ́ọ̀mù JAMB àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, àmọ́ iṣẹ́ tí à ń ṣe jù níbẹ̀ ni ká máa dáhùn ìbéèrè. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà á wọlé, ìyá tí wọ́n ní kó wá bá wọn wẹ ọmọ tuntun á wọlé, akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde ní LAUTECH tó fẹ́ lọ kàwé sí i náà á wọlé. Nǹkan kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè.

Atlanta ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Òun ni wọ́n ń béèrè jù lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ sì wà tó ń gbéra ní Ìkẹjà tí kì í yà síbì kankan títí á fi balẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí ìlú mìíràn lè fi ọ̀nà ìṣirò yìí wo tirẹ̀.

Báwo ni Ìkẹjà ṣe jìnnà sí Atlanta tó?

Kìlómítà 9,400 ni, kó dín díẹ̀ tàbí kó lé díẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ ní máìlì, ó tó bíi 5,840. Pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed, tí tíkẹ́ẹ̀tì máa ń pè ní LOS, ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ó parí sí Hartsfield-Jackson ní Atlanta, ìpínlẹ̀ Georgia, tí tíkẹ́ẹ̀tì ń pè ní ATL.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìkẹjà lójú títì jẹ́ nǹkan bíi 240 km. Ẹni tó bá lọ tó bọ̀ nígbà mọ́kàndínlógún, tó tún wá lọ lẹ́ẹ̀kan sí i láì padà, òun ló rin ìrìn Atlanta tán.

Àwọn kan á wá bá wa pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, wọ́n á ní 5,070 ni àwọn rí, pé a ti bu iyọ̀ sí i. A ò bu nǹkan kan sí i. Máìlì tí àwọn awakọ̀ òfuurufú àti àwọn atukọ̀ ojú òkun ń lò nìyẹn. Ó gùn ju máìlì ojú títì lọ: 1.852 km ni ọ̀kan rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta ni, ọ̀nà kan náà ni.

Wákàtí mélòó ni ọkọ̀ ń lò lókè?

Ní lílọ, bíi wákàtí 12, nígbà mìíràn kó fi ààbọ̀ lé e. Ní bíbọ̀, bíi wákàtí 11. Ọkọ̀ tí kò yà síbì kankan ni mo ń sọ o.

Tíkẹ́ẹ̀tì ní aago 11 alẹ́ la ó gbéra, aago 6 àárọ̀ la ó balẹ̀. Ṣebí wákàtí méje nìyẹn?

Ìbéèrè yìí gan-an ló mú mi jókòó kọ gbogbo èyí. Ìyá kan láti Ọjà Ìgbó wọlé wá lọ́jọ́ kan, ó ká ìwé tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀ sí mẹ́rin nínú ọ̀rá. Ó tẹ́ ẹ sórí káńtà, ó fi ìka tẹ 11:00 PM, ó tún fi ìka tẹ 6:00 AM, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ìka: méjìlá, ọ̀kan, méjì, títí ó fi dé ìka keje. Ó ní, "Wákàtí méje péré! Ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ sí Èkó nígbà Iléyá lò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ni ti Èkó yẹn. Ti wákàtí méje ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Aago ìlú tí ọkọ̀ bá wà ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Aago 11 alẹ́ yẹn, aago Nàìjíríà ni. Aago 6 àárọ̀ yẹn, aago Atlanta ni. Ní oṣù Keje, bí àpẹẹrẹ, nígbà tí Atlanta bá ń lu mẹ́fà ìdájí, aago 11 òwúrọ̀ ti lù ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn aláàmàlà ti ń sọ ọbẹ̀ kalẹ̀. Láti aago 11 alẹ́ dé aago 11 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wákàtí 12 nìyẹn. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ sọ aago méjèèjì di ti Nàìjíríà kí ẹ tó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.

Ní bíbọ̀, òdì kejì ni. Ká ní ọkọ̀ gbéra ní Atlanta ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, tó balẹ̀ ní Ìkẹjà ní aago 9 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìka yín á ka wákàtí 16, ẹ̀rù á sì bà yín. Àmọ́ aago 5 ìrọ̀lẹ́ wọn ní oṣù Keje, aago 10 alẹ́ tiwa ni. Wákàtí 11 ni ọkọ̀ lò.

Ṣé wákàtí márùn-ún ni a fi ṣíwájú wọn ni àbí mẹ́fà?

Méjèèjì ni, ó wà lọ́wọ́ ìgbà tí ẹ bá ń lọ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan lọ́jọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kẹta, wọ́n á sì dá a padà lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá. Láàárín ìgbà yẹn, wákàtí márùn-ún la fi ṣíwájú Atlanta. Nígbà òtútù, ó di mẹ́fà. Àwa kì í fọwọ́ kan aago tiwa.

Èmi tí mò ń kọ èyí ti jìn sí kòtò yìí rí. Ọmọ Bàbá kan ń gbéra ní Èkó lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀la rẹ̀ sì ni Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá. Mo wo tíkẹ́ẹ̀tì, mo rí aago 5 ìdájí, mo ní, "Bàbá, wọ́n ṣi èyí kọ." Mo fi báírò fa ìlà gba orí 5, mo kọ 6 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá gbà mí gbọ́, ó pe ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ní Atlanta, ó ka ohun tí mo kọ fún un. Àṣé aago wọn ti padà sẹ́yìn nígbà tí ọmọ náà wà lókè. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi máa dé, ó ti jókòó lé àpótí rẹ̀ tipẹ́. Bàbá kò bú mi, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn mi ò fi báírò kan aago orí tíkẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni mọ́.

Kí ló dé tí aago ìlú kan kò fi bá ti ìkejì mu?

Ayé ló ń yí. Ó ń yí ìwọ̀n 360 ní wákàtí 24, ìyẹn ìwọ̀n 15 ní wákàtí kan. Tí ẹ bá wo máàpù, Atlanta fi nǹkan bí ìwọ̀n 88 wà ní ìwọ̀-oòrùn sí Ìkẹjà. Ẹ fi 15 pín 88, ó kù díẹ̀ kó pé mẹ́fà. Oòrùn tó yọ lójú wa lónìí, ó di bíi wákàtí mẹ́fà kó tó yọ lójú wọn.

Ìdí nìyí tí ẹni tó bá gbéra ní alẹ́ fi máa rò pé ilẹ̀ kò fẹ́ mọ́. Ibi tí ilẹ̀ ṣú sí ni ọkọ̀ ń sá tẹ̀ lé. Ẹ máa sùn, ẹ máa jí, ẹ máa jẹun, ẹ máa ṣí fèrèsé wò, òkùnkùn náà ni.

Ọmọ mi pín 9,400 sí 900, ó ní wákàtí mẹ́wàá àti ìṣẹ́jú 27. Ta ló ń parọ́?

Ọmọ yín gbọ́ ìṣirò, kò sì sẹ́ni tó parọ́. Nǹkan bíi 900 km ni irú ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ ń sá ní wákàtí kan tó bá ti dé òkè. Ṣùgbọ́n kó tó dé òkè, ó máa rìn lórí ilẹ̀, ó máa tò sẹ́yìn àwọn tó ti wà níwájú, ó máa gùn díẹ̀díẹ̀; tó bá sì fẹ́ balẹ̀, ó tún máa dẹ eré. Ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ yìí ń kóra jọ.

Èyí tó pọ̀ jù ni ti atẹ́gùn. Lókè lọ́hùn-ún, ní ibi tó tó bíi kìlómítà mẹ́wàá sí ilẹ̀, atẹ́gùn ńlá kan wà tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn bí odò tó ń ṣàn. Ó lè sá ju 200 km lọ ní wákàtí kan, pàápàá nígbà òtútù àwọn ará Amẹ́ríkà. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ̀yin àti òun ló ń kọlu ara yín. Tí ẹ bá ń bọ̀, òun ló ń ti yín lẹ́yìn. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ nínú atẹ́gùn òjò rí mọ ohun tí mò ń wí.

Ará Japan kan tó ń jẹ́ Wasaburo Ooishi ti rí atẹ́gùn yìí láti àwọn ọdún 1920, nígbà tó ń fi bàlúùnù wo ojú ọ̀run. Èdè Esperanto ló fi kọ ìròyìn rẹ̀ kí gbogbo ayé lè kà á, ìwọ̀nba èèyàn ló sì kà á!

Ẹ má fi atẹ́gùn yìí pe ọyẹ́ o. Ìsàlẹ̀ ni ọyẹ́ ń fẹ́ sí, láti aṣálẹ̀ Sàhárà, eruku ló sì ń kó bá wa. Kì í dá ọkọ̀ dúró lókè, àmọ́ tí eruku bá bo ojú pápákọ̀ tí awakọ̀ kò ríran, ọkọ̀ lè má gbéra lásìkò. Ẹni tó ń rìn ní oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní, kó fi èyí sọ́kàn.

Kí ló dé tí ọ̀nà ọkọ̀ fi tẹ̀ kọrọdọ lórí ojú tẹlifíṣọ̀n inú ọkọ̀? Ṣé kò lè lọ tààrà ni?

Tààrà náà ló ń lọ. Máàpù tí a tẹ́ sílẹ̀ ló ń tan ojú wa jẹ, torí ayé kò tẹ́ bí ẹní.

Mo ti fi bọ́ọ̀lù àti òwú ṣàlàyé èyí fún ẹnì kan rí. Ọ̀dọ̀ télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni mo ti yá òwú. Mo fi máákà tọ́ ojú kan sí ibi tó yẹ kí Èkó wà, mo tọ́ òmíràn sí ibi tó yẹ kí Atlanta wà, mo wá na òwú láàárín méjèèjì, mo fà á le. Òwú yẹn fúnra rẹ̀ lọ sókè díẹ̀ sí apá àríwá kó tó padà wá. Tí ẹ bá fi agbára dá a sí ìsàlẹ̀ kó lè bá ti máàpù mu, òwú á dẹ̀, ìyẹn ni pé ọ̀nà yẹn gùn jù.

Tí a bá tẹ̀ lé òwú yẹn lórí ayé gan-an, ó gba orí Benin àti Togo kọjá, ó gba àríwá Ghana, ìtòsí Bobo-Dioulasso ní Burkina Faso, ó gba Mali, ó sì já sí òkun ní etíkun Mauritania, kò jìnnà sí Nouakchott. Láti ibẹ̀, omi ni títí dé ìtòsí Bermuda. Awakọ̀ lè yà kúrò lórí ìlà yìí nítorí atẹ́gùn tàbí òjò, torí náà ẹ má bá a jà tí ẹ kò bá rí Bobo-Dioulasso.

Tí ayé bá ń yí lóòótọ́, kí ló dé tí ọkọ̀ kò kàn dúró sókè kí Atlanta wá bá a?

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ló béèrè èyí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Atẹ́gùn tó yí wa ká ń bá ayé yí lọ ni, ọkọ̀ sì wà nínú atẹ́gùn yẹn. Tí ẹ bá fò sókè nínú bọ́ọ̀sì tó ń sáré lọ sí Ìlọrin, ibi tí ẹsẹ̀ yín ti gbéra náà lẹ máa balẹ̀ sí, ẹ kò ní bára yín lórí ìjókòó ẹ̀yìn.

Ṣé ó máa yà ra epo lójú ọ̀nà?

Rárá. Láti Ìkẹjà ni wọ́n ti ń rọ gbogbo rẹ̀ sí i. Ọkọ̀ irú A330 lè gba ju 130,000 lítà lọ. Táńkà epo ńlá tí à ń yà fún lójú títì Ọ̀yọ́, 33,000 lítà ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, ó sì máa gbà ju mẹ́rin lọ kí ọkọ̀ náà tó kún dé ẹnu. Òfin tún ni pé kí epo tó lè gbé e dé pápákọ̀ mìíràn ṣẹ́kù nínú rẹ̀, bí èyí tó ń lọ kò bá ṣeé balẹ̀ sí. Ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, ọ̀kan ṣoṣo sì lè gbé e dé pápákọ̀ tó bá sún mọ́.

Láti ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́? Wákàtí mélòó ni gbogbo rẹ̀?

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè nìyí. Ẹ jẹ́ ká tún mú ọkọ̀ aago 11 alẹ́ yẹn.

Ó yẹ kí ẹ ti wà ní pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú, ìyẹn aago 8 alẹ́. Èmi máa ń sọ pé aago 7, torí ìlà ibẹ̀ kì í kúrú. Láti Takie, ẹ máa gba Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn, ẹ máa wá bọ́ sí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Lójú títì tó dá, wákàtí mẹ́rin lè gbé yín dé Ìkẹjà. Títì tó dá dà? Tí táńkà kan bá ṣubú ṣáájú Ọ̀yọ́, tàbí tí sún kẹrẹ fà kẹrẹ bá mú yín ní Bẹ́gà, ẹ lè lo mẹ́fà, ẹ lè lo méje. Aago 10 òwúrọ̀ ni kí ẹ ti kúrò nílé. Ẹni tó bá ní ará ní Èkó, kó lọ sùn lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ tó ṣíwájú, ìyẹn ló dára jù lójú tèmi.

Ọkọ̀ balẹ̀ ní aago 11 òwúrọ̀ tiwa. Kí ẹ fi to ìlà àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n, kí ẹ gba àpótí, kí ẹ jáde, ó lè di aago kan ọ̀sán. Láti aago 10 òwúrọ̀ àná dé aago kan ọ̀sán òní, wákàtí 27. Méjìlá péré nínú rẹ̀ lẹ lò lójú òfuurufú.

Ṣé mi ò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Ìlọrin?

Ẹ lè ṣe é. Ìlọrin kò ju nǹkan bíi 50 km sí wa, ọkọ̀ òfuurufú láti ibẹ̀ dé Èkó kò sì ju bíi ìṣẹ́jú 45. Àmọ́ ilé tí ọkọ̀ abẹ́lé ń já èèyàn sí yàtọ̀ sí ilé tí ti òkè òkun ti ń gbéra. Ẹ máa tún gbé àpótí jáde, ẹ máa tún wá mọ́tò. Tí ti Ìlọrin bá sì pẹ́, tí ẹ kò sì ra méjèèjì pọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, ti Atlanta kò ní dúró dè yín.

Wọ́n ní èyí tó gba Lọ́ńdọ̀nù kọjá wọ́n díẹ̀ sí i. Báwo ló ṣe pẹ́ sí?

Ìkẹjà sí Heathrow jẹ́ bíi 5,000 km, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ tàbí kó lé díẹ̀. Heathrow sí Atlanta jẹ́ bíi 6,760 km, wákàtí mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Ẹ rò ó pọ̀: ọ̀nà fi ju 2,300 km gùn sí i, kí á tó ka wákàtí tí ẹ máa fi jókòó dúró. Tí ìdúró yẹn bá kúrú ju wákàtí méjì lọ, mi ò ní bá yín rà á. Ẹ sì béèrè ṣáájú bóyá ẹ nílò físà láti kọjá ní Lọ́ńdọ̀nù.

Houston lọmọ mi ń lọ. Ṣé Atlanta máa parí ìrìn náà?

Ó ku bíi 1,100 km sí i, nǹkan bíi wákàtí méjì. Aago Houston sì tún fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Atlanta. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ibi tí ẹ bá ti kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ ti máa gba àpótí yín, kí àwọn aṣọ́bodè rí i, kí ẹ tó tún fà á lé wọn lọ́wọ́ fún Houston. Ẹ sọ fún un kó má kàn máa tẹ̀ lé èrò. Ẹran gbígbẹ, wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. A mọ̀ pé ọmọ Ajílété ni wá, tí à ń jẹ ọkà kí á tó mu ẹ̀kọ yangan, ṣùgbọ́n ẹ di ẹ̀lùbọ́ náà dáadáa kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára.

Ṣé wákàtí 12 kò ní pa ìyá mi lára?

Ẹ má jẹ́ kó jókòó gbagidi. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó pẹ́ láì mira, kó máa dìde rìn díẹ̀, kó máa mi ọrùn ẹsẹ̀, kó sì máa mu omi. Ìjókòó etí ọ̀nà ló dára fún un ju ti ojú fèrèsé lọ. Tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ bó ṣe máa lò ó lọ́jọ́ yẹn. Etí tó ń dí nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ kì í ṣe àìsàn, kó máa gbé itọ́ mì.

Tó bá débẹ̀, ara rẹ̀ á ṣì máa tẹ̀ lé aago Ògbómọ̀ṣọ́. Oorun á máa kùn ún ní ìrọ̀lẹ́, á sì jí ní aago mẹ́ta òru tí gbogbo ilé ń sùn. Ó lè tó ọjọ́ márùn-ún, mẹ́fà kó tó bá wọn dọ́gba. Ẹ jẹ́ kó máa jáde sí oòrùn àárọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rìn ín kí ọkọ̀ òfuurufú tó dé?

T. J. Bowen, oníwàásù Onítẹ̀bọmi tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ìwòsàn ńlá tó wà níbí, ọmọ Georgia ni, ìpínlẹ̀ tí Atlanta wà gan-an. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e sọdá òkun fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ó dé Badagry ní 1850. Ọdún 1855 ló tó dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìgbà wo ni kí n pe ọmọ mi tó ń lọ?

Ẹ má pè é nígbà tí aago bá lu 6 àárọ̀ tiwa. Orí òkun ló ṣì wà. Ẹ jẹ́ kó di aago kan ọ̀sán. Ìyá Ọjà Ìgbó yẹn kò lè dúró ní tirẹ̀. Láti aago mẹ́fà ló ti ń tẹ fóònù, obìnrin òyìnbó kan sì ń dá a lóhùn pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ìlà. Ọ̀sán ló tó wọlé. Ọmọ náà ní, "Ẹ kú àárọ̀, Màmá." Ìyá ní, "Àárọ̀ wo? Mo ti jẹun ọ̀sán."